Ọkàn Tíṣà Òkèrèwè

Ẹnu Hakeem Àlàní ni Ọmọ́ṣaléwá kọ́kọ́ rí kó tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò nílẹ̀, ikọ́ àti ọ̀fun dídùn sì gba inú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkèrèwè. Ọmọ́ṣaléwá ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà ní yunifásítì. Ó gbé àpótí kan tó kún fún igi tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú wọ kíláàsì kẹrin, ó ní òun fẹ́ fi nu ọ̀fun àwọn ọmọ. Ọmọ àkọ́kọ́ tó rí igi náà figbe ta. Èyí tó tẹ̀ lé e sá wọ abẹ́ tábìlì. Ni tíṣà wọn bá dìde, ó gbé àga síwájú gbogbo kíláàsì, ó jókòó, ó sì la ẹnu kalẹ̀ gbayawu.

"Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nù," ó wí. "Tí mo bá kú, kí wọ́n máa sá lọ."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣaléwá ti igi bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, omi lé sójú ọkùnrin náà, kò mira. Kí ó tó pa ẹnu dé, àwọn ọmọ ti ń jà lórí ẹni tó máa kàn.

Dorcas, tíṣà kíláàsì kejì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Òun àti Ọmọ́ṣaléwá ti ń bá ara wọn bọ̀ láti ilé ìwé girama, kò sì sí ohun tí Ọmọ́ṣaléwá lè ṣe níwájú rẹ̀ tí kò ní rí.

"Ṣaléwá, ọ̀fun nìkan lo wá wò ni?"

"Jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi, jọ̀ọ́."

Ohun tí ó gbà lọ́fun wọn ló gbìn sínú àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n da oúnjẹ kòkòrò tó ní ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí. Kòkòrò tó ń wá, streptokọ́kọ́ọ̀sì, tó bá wà níbẹ̀, á jẹ ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká, ojú ibẹ̀ á sì mọ́ gaara. Nígbà tó yọ àwọn àwo náà, ti tíṣà gan-an wà lára àwọn tó mọ́ jù.

Ó lè rán Dorcas. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé oògùn, ó wọ táksí, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Nínú yàrá àwọn tíṣà ló ti bá Hakeem, tó ń máàkì ìwé.

"Kòkòrò wà lọ́fun yín, Tíṣà Àlàní. Ẹ lo oògùn yìí tán pátápátá o, kódà tí ara yín bá ti yá."

"Kí ló ń fi ọ̀fun mi ṣe níbẹ̀?"

Àwọn èèyàn kì í bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fa àga, ó jókòó.

"Pùrótéènì kan wà tí mò ń kọ́ nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóyẹmí. Iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó ń bá kòkòrò yẹn fọ́ ṣúgà, kó lè rí agbára. Inú lọ́hùn-ún ló yẹ kó wà. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn kan l'Amẹ́ríkà bá a níta, lára awọ kòkòrò náà, tó ń di ara èèyàn mú. Pùrótéènì kan náà ni o. Èyí tó ń bá a wá oúnjẹ náà ló tún ń bá a ṣèèyàn níbi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí tíṣà tó ń ránṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba."

Ọmọ́ṣaléwá rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ẹnu. "Ṣé ẹ̀yin náà ń ránṣọ ni?"

"Mo lè rán bùbá fún bàbá yín, bí ẹ bá máa mú mi lọ wọn ọrùn rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hakeem bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọkadà wá sí yunifásítì lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí Ọmọ́ṣaléwá ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè pátápátá ilé alájà kan. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú sísàlẹ̀ láti pàdé rẹ̀, ó sì rí i tó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó di irin mú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tí wọ́n lé.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Àtẹ̀gùn yín ló pọ̀." Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Láti kékeré ni. Orúnkún mi á wú, á san, á tún lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́. Màmá mi ní làkúrègbé ni."

Ọmọ́ṣaléwá mọ ohun tó gbọ́ yẹn. Ó ti kà á nínú ìwé títí ó fi mọ́ ọn lára. Kòkòrò ọ̀fun á wọlé, àwọn ọmọ ogun inú ara á gbógun tì í. Kòkòrò á kú, àmọ́ ogun ò ní dáwọ́ dúró, nítorí pé nǹkan kan wà lára ọkàn èèyàn tó jọ ti kòkòrò náà lójú àwọn ọmọ ogun yẹn. Ìgbàkígbà tí ọ̀fun bá tún dùn, wọ́n á tún kọjú sí ọkàn.

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn lé àyà Hakeem, ó tẹ́tí, ó gbé e kúrò, ó tún tẹ́tí. Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, ó sọ fún wọn pé àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn rẹ̀ ti le, wọn kì í pa dé dáadáa mọ́. Kò sí ibi tí wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ nítòsí. Ohun tó wà ni abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì lóṣooṣù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí kòkòrò ọ̀fun má baà tún ráyè wọlé mọ́.

"Tí mo bá ń gbà á ńkọ́?" Hakeem bi í.

"Wàá pẹ́ ju bí o ṣe rò lọ."

Oṣooṣù ni Ọmọ́ṣaléwá ń sìn ín lọ gbà á. Abẹ́rẹ́ náà nípọn, ó sì ń ro ni gidi. Hakeem á máa tiro jáde, wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lọ́jọ́ kan báyìí ló tiro dúró, bọ̀ọ̀lì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ṣaléwá, jẹ́ n fẹ́ ọ."

"O ò lè dúró kó o jẹun tán?"

"Mo lè dúró. Àmọ́ mi ò fẹ́."

Bàbá Ọdẹ́wálé, bàbá Ọmọ́ṣaléwá, kò gbà. Ní Irẹ́mọ, nínú agboolé wọn, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Mùsùlùmí tó jẹ́ kò bà mí lẹ́rù. Ìyá tó bí mi kírun títí ó fi kú. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ò pé. Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi fi ọmọ mi sípò opó ni?"

"Ó ń gba abẹ́rẹ́, Bàbá. Tó bá ń gbà á, ó lè dàgbà dàgbà."

"Tí kò bá gbà á ńkọ́?"

"Èmi ni màá máa mú un lọ."

Ìgbà tí Hakeem fúnra rẹ̀ wá, tó dọ̀bálẹ̀, tó ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, ni ojú bàbá tó rọ̀ díẹ̀. "Ẹni tí kò purọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ó wí fún ìyàwó rẹ̀, "ó ṣeé ṣe kó má purọ́ fún ọmọ mi."

Ọ̀dọ̀ ìyá Hakeem ni wàhálà gidi wà. Àlàájà Àníkẹ́ lorúkọ rẹ̀, opó ni, ọṣẹ dúdú ló sì fi tọ́ ọmọ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òkèrèwè kún fún èèpo kòkó tó ń jó di eérú. Lọ́jọ́ tí Hakeem mú Ọmọ́ṣaléwá lọ kí i, ó ń ro ọṣẹ lórí iná, kò dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ lo ki igi bọ ọmọ mi lọ́nà ọ̀fun?"

Ọmọ́ṣaléwá kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mà. Mo fi wo ohun tó wà níbẹ̀ ni."

"Kó o tó dé, ọmọ mi ò lárùn kankan. Làkúrègbé ni, mò ń fi òrí pa á. O ki igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, o ní kòkòrò wà níbẹ̀. O mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n wá ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Báwo làìsàn yẹn ò ṣe ní pọ̀?"

"Màmá, ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́..."

"Jẹ́ n sọ̀rọ̀." Ó gbé ọmọ orógùn kúrò nínú ìkòkò. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo bí ọmọbìnrin kan ṣáájú rẹ̀, Ṣìfáwù. Ibà lásán ló ṣe é. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní nọ́ọ̀sì lòun, ó gún un lábẹ́rẹ́, ọmọ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan lórí itan mi níhìn-ín. Kò tún gbọ̀n mọ́. Má ṣe wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ fún mi."

Ọmọ́ṣaléwá mọ èsì tó lè fọ̀. Ó mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ kan fi lè pa ẹnì kan, tí kò ní ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan. Síbẹ̀, ó dìde, ó sì tẹ̀ lé Hakeem jáde.

Nǹkan dojú rú nílùú lọ́dún náà. Wọ́n fagi lé ìbò, yunifásítì ń ṣí, ó ń tì, iná ń lọ, àwọn kòkòrò tí Ọmọ́ṣaléwá tọ́jú ń kú nínú ẹ̀rọ. Àlàájà ti fi Àlùkùráánì búra pé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́, Hakeem ò sì fẹ́ mú ìyá rẹ̀ bínú sí i. Dorcas ló wá di alárinà. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti Òkèrèwè lọ sí Irẹ́mọ, ó ń gbé èsì padà.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ń gba abẹ́rẹ́ òun."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní òun ń rí ọ lójú àlá."

"Dorcas, òun ló sọ ọ́ àbí ìwọ lo fi kún un?"

"Kí ló kàn ọ́? Ṣé kò dùn mọ́ ọ ni?"

Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún ń dùn ún. Ìgbà mìíràn, á jókòó ti àwọn àwo rẹ̀, á máa rò ó pé bóyá òótọ́ ni ìyá yẹn ń sọ. Bí òun kò bá gbé àpótí wọ kíláàsì yẹn, Hakeem ì bá ṣì jẹ́ tíṣà tó lárùn làkúrègbé, tí àtẹ̀gùn ń mú. Kò ní mọ̀. Ìyá rẹ̀ náà kò ní mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, Dorcas sáré wọlé láìkan ilẹ̀kùn. "Ìyá ti gbà! Ó ní kí wọ́n wá tọrọ ọ!"

Inú Ọmọ́ṣaléwá kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹni tó fi Àlùkùráánì búra, kí ló mú un yí padà? Nígbà tí òun àti Hakeem ríra, ó bi í.

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí ni," Hakeem wí. "Ìyá ni. Ọkàn rẹ̀ rọ̀."

"Kò sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́?"

Hakeem fà á mọ́ra. "Ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Ó wu ú kó gbàgbọ́.

Wọ́n so yìgì wọn ní Òkèrèwè láàárín ọdún 1994, nígbà tí kò sí epo, tí àwọn ará Irẹ́mọ fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìgbéyàwó. Yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá ni wọ́n ń gbé. Àlàájà kì í bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà, kì í sì í bá a tàkúrọ̀sọ. Á gbé ọṣẹ fún un, á gbé oúnjẹ fún un, á sì yíjú padà.

Ní ti abẹ́rẹ́, Hakeem ní kí Ọmọ́ṣaléwá má ṣe wàhálà mọ́, òun á máa gba ilé ìwòsàn bọ̀ láti ilé ìwé. Bí oṣù bá sì pé, á tiro wọlé, ọwọ́ á wà nídìí, ojú á fún pọ̀.

"Nọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ líle," á wí.

Ọmọ́ṣaléwá á ṣe omi gbígbóná, á fi aṣọ tẹ ibẹ̀ fún un, á sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nínú gbogbo oṣù tí wọ́n fi jọ gbé, ìyẹn wà lára ohun tó dùn mọ́ ọn jù.

Ọyẹ́ tún dé. Àwọn ọmọ kíláàsì Hakeem ń wúkọ́, ọ̀fun tirẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ọmọ́ṣaléwá ní kó la ẹnu kí òun wò ó. Ó kọ̀.

"Ilé mi ni mo wà, Dókítà. Kì í ṣe kíláàsì."

"Hakeem, kò yẹ kí ọ̀fun máa dùn ọ́ báyìí. Abẹ́rẹ́ wà lára rẹ."

"Eruku ni," ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ibà gbé e dálẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Tó bá dùbúlẹ̀, kò lè mí, àfi kí wọ́n gbé ìrọ̀rí pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ń kọ̀wé, ó bi wọ́n láìgbójú sókè: "Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn?"

"Oṣù tó kọjá," Ọmọ́ṣaléwá dáhùn.

Hakeem pa ojú dé.

Nígbà tí dókítà jáde, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣaléwá. Kì í ṣe oṣù tó kọjá."

"Ìgbà wo wá ni?"

"Kó tó di pé a ṣe yìgì."

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó ń wò ó. "O máa ń tiro wálé."

"Mo máa ń tiro láti ẹnu géètì."

Ọmọ́ṣaléwá fa ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ti ọkọ rẹ̀. Hakeem ń sọ̀rọ̀ ní ìdajì-ìdajì, ó ń sinmi láàárín. Ìyá rẹ̀ ló ní kó yan ọ̀kan. Tó bá fẹ́ ọmọbìnrin náà, kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, kó sì búra fún òun. Ó ti sin ọmọ kan, kò lè máa wo èkejì kó máa lọ bá abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Hakeem búra.

"Mo yàn ọ́."

"Ta ló ní kó o yàn mí?" Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú. "Ǹ bá dúró, Hakeem! Bí ó bá gba ọdún mẹ́wàá kí ìyá rẹ tó gbà, ǹ bá dúró! Ṣé mo sọ fún ọ pé ó ń kán mi lójú ni?"

"Èmi ló ń kán lójú."

Hakeem mí fún ìgbà díẹ̀.

"Má sọ fún màmá mi. Jọ̀ọ́. Kò ní lè gbé e."

Inú ń bí Ọmọ́ṣaléwá. Ó jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó sunkún, ó fọ ojú, ó ń to ohun tó máa sọ fún un lọ́kàn: pé òun gbọ́, pé òun á bínú sí i títí, pé òun kò ní lọ síbì kankan. Ìgbà tó padà dé, nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká.

Wọ́n sin Hakeem lọ́jọ́ náà bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ọmọ́ṣaléwá sì jókòó opó nílé ìyá ọkọ rẹ̀. Bàbá Ọdẹ́wálé ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun kò rò pé dandan ni. Ọmọ́ṣaléwá ní òun á ṣe é.

Yàrá kan náà ni òun àti Àlàájà ń sùn. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń kí wọn, àwọn kan ń wo ìyàwó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ìmọ̀ yunifásítì yìí náà, kí ló rí gbà là níbẹ̀. Ó dúró kí Àlàájà gbè sẹ́yìn obìnrin náà. Àlàájà jáde sí obìnrin náà, ó ní, "Ìyàwó mi lò ń bá wí," kò sì tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà ò padà wá.

Inú Ọmọ́ṣaléwá kò rọ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ìyá náà bá ti ń wúre fún ọmọ rẹ̀ lórí ẹní ìrun, ọ̀rọ̀ náà á dé orí ahọ́n rẹ̀: ẹ̀yin lẹ pa á. Á bu ẹnu jẹ. Kò ṣèlérí fún Hakeem. Kò sí ohun tó dè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àlejò ti lọ tán, Àlàájà jókòó tì í.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ìwọ lo mọ ìwé àìsàn yẹn. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má wò ó pé àgbà ni mí." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí eérú ti bó. "Abẹ́rẹ́ yẹn. Tí kò bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tí Ọmọ́ṣaléwá ti ń dúró dè nìyẹn. Ó gbé ojú sókè láti sọ ọ́. Ó rí i pé ojú ìyá náà ti pọ́n, pé kì í ṣe òní ló ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Hakeem, wọ́n jọ ń dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà ni, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sùn.

"Ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ láti kékeré, Màmá," ó wí. "Abẹ́rẹ́ ò lè tún un ṣe."

Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ kì í tún ọkàn tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìdajì òótọ́ yòókù ló gbé mì.

Àlàájà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mi orí, díẹ̀díẹ̀.

"O ò mọ irọ́ pa," ó wí. "Ó ti yé mi. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ẹkún tó sun kò ní ariwo. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, ó fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá, Ọmọ́ṣaléwá ní kó jókòó. Òun ló bu omi wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fọ ọwọ́ náà fún un, ọ̀tún kó tó kan òsì, ó bu omi sí i lójú, ó sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́.